Wọ́n mú èèyàn wa lókè òkun nítorí oògùn olóró: ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn ẹbí ní ilẹ̀ Okun

Láti Kabba dé Egbe, láti Iyara dé Mopa, ìbéèrè kan náà ni àwọn ẹbí ń bi léraléra. Ẹni tí wọ́n mú lè jẹ́ òṣèré, ó lè jẹ́ oníṣòwò, ó lè jẹ́ ọmọ iléèwé. Ọ̀nà tí ẹjọ́ ń gbà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Èyí tó rọrùn ló ṣáájú, èyí tó díjú ló kẹ́yìn.

Ẹnìkan pè pé wọ́n ti mú un. Báwo la ṣe máa mọ̀ pé òótọ́ ni?

Ẹ má tíì fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Ẹni tó pè yín lè jẹ́ ẹni tí wọ́n mú fúnra rẹ̀, ó lè jẹ́ ẹni tí wọ́n jọ wà ní àtìmọ́lé tó sì ti jáde, ó sì lè jẹ́ gbájúẹ̀ tó ka ìròyìn náà lórí fóònù. Ẹ wo nọ́ńbà tó fi pè. Ti Brazil ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú +55, ti Íńdíà +91, ti Dubai àti Sharjah +971, ti Malaysia +60. Bí ẹnìkan bá ní ọgbà ẹ̀wọ̀n São Paulo lòun ti ń pè, tí nọ́ńbà rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú +234, ẹ ní kó ṣàlàyé.

Ẹ béèrè orúkọ pápákọ̀ òfurufú tí wọ́n ti mú un, ọjọ́ tí wọ́n mú un, ibi tó wà báyìí, àti nọ́ńbà ẹjọ́ tàbí nọ́ńbà ẹlẹ́wọ̀n rẹ̀. Ẹ wá fi ohun kan tí ará ilé nìkan mọ̀ dán an wò, bí orúkọ tí ìyá àgbà fi ń kẹ́ ẹ. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní ojúewé tí wọ́n ti ń wá orúkọ ẹlẹ́wọ̀n lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì náà ní ètò tirẹ̀, àmọ́ ẹlẹ́wọ̀n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà kí wọ́n tó sọ ibi tó wà fún yín.

Kí ni ká kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ yan ẹnìkan ṣoṣo tí yóò máa sọ̀rọ̀ fún ẹbí. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti ń kọ́kọ́ bàjẹ́: ẹ̀gbọ́n pe ẹ́ḿbásì láti Kabba, ìyàwó pè láti Èkó, àbúrò bàbá kọ ímeèlì láti Àbújá, oníkálukú sì kọ orúkọ ẹni náà bó ṣe wù ú. Òṣìṣẹ́ tó ń wá a yóò rò pé èèyàn mẹ́ta ni.

Orúkọ inú ìwé ìrìnnà ni kẹ́ ẹ lò, bó ṣe wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́. Bó bá jẹ́ òṣèré, ẹ gbàgbé orúkọ orí ìtàgé. Kò sí ọgbà ẹ̀wọ̀n tó fi orúkọ tí wọ́n ń pè é nínú fíìmù kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wá ẹ̀dà ojúewé àkọ́kọ́ ìwé ìrìnnà rẹ̀, ọjọ́ ìbí rẹ̀, físà rẹ̀, àti tíkẹ́ẹ̀tì tó fi wọkọ̀ òfurufú. Bí ẹ ò bá rí i nílé, ẹni tó bá a ra tíkẹ́ẹ̀tì máa ń ní ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́, ímeèlì rẹ̀ náà sì lè ní in. Fóònù tàbí kọ̀ǹpútà tó fi sílẹ̀ nílé, ẹ má nu ohunkóhun kúrò nínú rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Ta ni ká kọ̀wé sí?

Ibi mẹ́ta, lọ́jọ́ kan náà. Àkọ́kọ́ ni ilé iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà ní orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti mú un. Ní Íńdíà, Malaysia, Singapore àti ìlú Gẹ̀ẹ́sì, High Commission ni wọ́n ń pe tiwọn, torí náà ẹ má fi «embassy» wá a. Èkejì ni ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní Tafawa Balewa House, Àbújá. Ìkẹta ni NiDCOM, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà lókè òkun, tí òfin ọdún 2017 dá sílẹ̀.

Ojúewé kan ti tó. Ẹ kọ orúkọ, nọ́ńbà ìwé ìrìnnà, ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti mú un, ibi tó wà, ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe (kí wọ́n bẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n rí i pé ó ní agbẹjọ́rò àti ògbufọ̀, kí wọ́n fún yín ní nọ́ńbà ẹjọ́), àti nọ́ńbà ẹni tó ń ṣojú ẹbí. Ẹ má kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀. Ẹ so ìwé ìbúra láti ilé ẹjọ́ gíga mọ́ ọn, tó fi hàn pé ẹbí rẹ̀ ni yín. Ti Kabba ti tó, kò dìgbà tí ẹ bá dé Lọ́kọ́jà.

Ti Àbújá, ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi gbé e lọ, kì í ṣe kẹ́ ẹ fi lé dírẹ́bà lọ́wọ́ ní gáréèjì. Ẹ mú ẹ̀dà méjì dání, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí èkejì, kẹ́ ẹ sì mú un padà wálé. Ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí aṣòfin tó ń ṣojú ẹkùn yín nílé aṣojú-ṣòfin, ti Kabba/Bunu àti Ijumu tàbí ti Yagba àti Mopamuro. Kò lè gbé èèyàn jáde lẹ́wọ̀n, àmọ́ ìpè kan láti ọ́fíìsì rẹ̀ a máa jẹ́ kí lẹ́tà kúrò lórí tábìlì kan dé òmíràn.

Kí ni ẹ́ḿbásì lè ṣe, kí ni kò lè ṣe?

Abala 36 nínú àdéhùn Vienna ti ọdún 1963 ló ṣe ìdí rẹ̀. Ìjọba tó mú àjèjì gbọ́dọ̀ sọ fún un pé ó lẹ́tọ̀ọ́ kí wọ́n fi tó àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ létí. Bó bá ní kí wọ́n sọ fún wọn, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ láìjáfara. Àwọn aṣojú lè lọ bẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n lè kọ̀wé sí i, wọ́n sì lè bá a ṣètò agbẹjọ́rò.

Wọn ò lè gbà á sílẹ̀. Wọn ò lè bá adájọ́ sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀, wọn kì í sì í sábà san owó agbẹjọ́rò. Bí ẹni náà bá fúnra rẹ̀ ní òun ò fẹ́ kí wọ́n dá sí ọ̀rọ̀ òun, àdéhùn yẹn ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Èyí ṣẹlẹ̀ ju bí èèyàn ṣe rò lọ: ojú ń tì í, kò fẹ́ kí ilé gbọ́. Bí ẹ bá ti bá a sọ̀rọ̀, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa sọ fún un ni pé kó fọwọ́ sí i kí ẹ́ḿbásì bá ẹbí sọ̀rọ̀.

Ṣé ká sọ fún ìyá rẹ̀?

Ẹ sọ fún un kó tó gbọ́ ọ lọ́jà. Ọ̀rọ̀ tó ti wọ Facebook yóò dé Isanlu kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ìyá gan-an ló sì sábà máa ń mọ ẹni tó gbé báàgì wá sílé lálẹ́ ọjọ́ tó ku ọ̀la kó rìnrìn-àjò.

Ti àwọn oníròyìn yàtọ̀. Kí agbẹjọ́rò tó ti gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, kí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí má sọ ohunkóhun lórí rédíò tàbí lórí ẹ̀rọ ayélujára. Bí ẹ̀gbọ́n bá lọ sọ lórí afẹ́fẹ́ pé «ebi ló lé e débẹ̀», ó ti jẹ́wọ́ fún un nìyẹn.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń lo àwọn òṣèré?

Ìrìn-àjò òṣèré kì í ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Ó ń lọ ya fíìmù, ó ń lọ gba àmì ẹ̀yẹ, ó ń lọ ṣeré fún àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà lọ́hùn-ún, báàgì rẹ̀ sì kún fún aṣọ eré tí kì í ṣe òun ló dì í. Owó iṣẹ́ náà kì í dé déédéé. Ẹni tó bá ní «wá ṣe ìdánwò fún ipa kan, a ti san tíkẹ́ẹ̀tì rẹ» kò ní pẹ́ rí ẹni tí yóò dáhùn.

Ọ̀rọ̀ Chrisann Pereira, òṣèré ọmọ Íńdíà, ni ká fi ṣe àpẹẹrẹ. Wọ́n ní kó wá ṣe ìdánwò fún fíìmù orí ayélujára kan ní ilẹ̀ Lárúbáwá, wọ́n sì fún un ní ife ẹ̀yẹ kan pé ohun èlò eré ni. Ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2023 ni wọ́n mú un ní pápákọ̀ Sharjah. Oògùn olóró wà nínú ife náà. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ààbọ̀ ló lò lẹ́wọ̀n kí ọlọ́pàá Mumbai tó mú àwọn tí wọ́n ní ó dẹ pàkúté náà. Wọ́n ní ọ̀kan nínú wọn bá ìyá òṣèré náà ní gbólóhùn asọ̀, ó sì fẹ́ fi ọmọ gbẹ̀san. Ilé ni wọ́n ti yanjú ẹjọ́ yẹn, kì í ṣe ní Sharjah.

Ohunkóhun tí wọ́n bá pè ní ẹrù eré, ẹ tú u: ife ẹ̀yẹ, gángan, àpótí irun, ère. Bí ẹni tó ni ín bá ní kẹ́ ẹ má tú u, ẹ dá a padà fún un. Ẹ lè ní kí TAMPAN, ẹgbẹ́ àwọn òṣèré, kọ lẹ́tà pé ọmọ ẹgbẹ́ ni ẹni tí wọ́n mú. Kò ní dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń fi hàn pé eré ni iṣẹ́ rẹ̀ lóòótọ́.

Ó ní òun ò mọ̀ pé oògùn wà nínú báàgì. Ṣé wọ́n máa gbà á gbọ́?

Ó kù sí ọwọ́ ẹ̀rí, ó sì kù sí ibi tí wọ́n ti mú un. Oríṣi àìmọ̀ méjì ló wà, ẹ má pò wọ́n pọ̀.

Èkíní ni ti báàgì tí kì í ṣe tirẹ̀ rárá. Àwọn òṣìṣẹ́ pápákọ̀ kan a máa lẹ orúkọ arìnrìn-àjò tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ mọ́ báàgì olóògùn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe Zainab Aliyu, akẹ́kọ̀ọ́ tó lọ ṣe úmúrà láti Kánò ní oṣù Kejìlá ọdún 2018. Tiramádọ̀ ló wà nínú báàgì tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sí. Nígbà tí NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró ní Nàìjíríà, mú àwọn tó ṣe é ní pápákọ̀ Kánò ni Saudi tó fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 2019. Ní ọdún 2023, obìnrin Brazil méjì lo ọjọ́ 38 lẹ́wọ̀n ní Frankfurt nítorí pé wọ́n yọ orúkọ wọn kúrò lára báàgì wọn ní pápákọ̀ Guarulhos, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ báàgì tí kokéènì wà nínú rẹ̀. Àwòrán kámẹ́rà ló yọ wọ́n. Kámẹ́rà pápákọ̀ a máa nu àwòrán àtijọ́ kúrò kó lè rí àyè gba tuntun, nítorí náà lẹ́tà sí FAAN, àjọ tó ń bójú tó àwọn pápákọ̀ òfurufú, àti sí NDLEA pé kí wọ́n tọ́jú àwòrán ọjọ́ yẹn kò gbọdọ̀ dúró de ọ̀sẹ̀ kejì.

Èkejì ni ti «bá mi gbé e». Òun ló gbé e, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ti bá a, kò kàn mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ni. Èyí le. Ní Singapore àti Malaysia, òfin gbà pé ẹni tí wọ́n bá nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ ohun tó jẹ́, àyàfi bó bá lè fi ẹ̀rí hàn pé òun ò mọ̀. Ìjọba kọ́ ló máa ṣe wàhálà ẹ̀rí yẹn, òun ni.

Síbẹ̀ ọ̀nà wà. Wọ́n mú Mary Jane Veloso, ọmọ Philippines, ní Indonesia ní ọdún 2010 pẹ̀lú hẹroíìnì kílò 2.6 nínú àpótí. Alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ yìnbọn pa á ní oṣù kẹrin ọdún 2015 ni wọ́n dá a dúró, nítorí pé obìnrin tí wọ́n ní ó rán an ti fi ara rẹ̀ lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ ní Philippines. Wọ́n dá a padà sí Philippines ní oṣù Kejìlá ọdún 2024. Bí ẹ bá mọ ẹni tó gbé báàgì lé e lọ́wọ́, tí ẹ sì dákẹ́ nítorí pé ará àdúgbò ni, ẹ̀ ń ran ọ̀tá lọ́wọ́.

Ẹ̀rí wo ló lè wà nílé tí a ò mọ̀?

Ó pọ̀. Àlẹ́ẹ̀tì báǹkì tó fi ẹni tó san owó tíkẹ́ẹ̀tì hàn. Ọ̀rọ̀ WhatsApp pẹ̀lú ẹni tó pè é, títí kan ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀. Ẹ lo «Export chat» kó wọ inú ímeèlì, nítorí pé àwòrán ojú fóònù nìkan kì í tó. Bébà kékeré tí wọ́n fún un níbi tó ti wọn ẹrù: kílò báàgì wà lórí rẹ̀ nígbà mìíràn. Bí báàgì tó fi sílẹ̀ ní Èkó bá jẹ́ kílò 14, tí èyí tí wọ́n mú lọ́hùn-ún sì jẹ́ kílò 22, ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà nìyẹn. Dírẹ́bà tó gbé e lọ sí pápákọ̀ náà lè sọ iye báàgì tó wà nínú bùútù.

Ẹni tó bá rí nǹkan, kó lọ búra níwájú akọ̀wé ilé ẹjọ́. Kí ilé ẹjọ́ òkèèrè tó lè lò ó, ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní Àbújá gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí i, lẹ́yìn náà ẹ́ḿbásì orílẹ̀-èdè yẹn ní Àbújá yóò lu òǹtẹ̀ tirẹ̀. Bí èdè wọn kì í bá ṣe Gẹ̀ẹ́sì, ògbufọ̀ tí ilé ẹjọ́ wọn fọwọ́ sí ló máa túmọ̀ rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́, kẹ́ ẹ tọ́jú ojúlówó.

Bí ẹ bá fẹ́ fẹjọ́ ẹni tó rán an sun NDLEA ní Lọ́kọ́jà, ẹ mú agbẹjọ́rò dání, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má lọ halẹ̀ mọ́ ẹni náà nílé rẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ, torí kò sí ohun tí yóò ṣe ju pé kó ju fóònù rẹ̀ nù.

Ṣé agbẹjọ́rò olówó ńlá ló dára jù?

Kì í ṣe dandan. Ní Brazil, àwọn agbẹjọ́rò ìjọba tí wọ́n ń pè ní Defensoria Pública máa ń gbèjà ẹni tí kò lówó lọ́fẹ̀ẹ́. Íńdíà ní ìrànwọ́ òfin ọ̀fẹ́, Jámánì àti ìlú Gẹ̀ẹ́sì náà ní in. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ṣe ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ju lọ́yà aládàáni tí ẹ máa ta ilẹ̀ san owó rẹ̀ lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ gba aládàáni, ẹ béèrè nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ wá a lórí ojúewé ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò ìlú yẹn. Kó kọ iye tó fẹ́ gbà sílẹ̀ ní ìpele-ìpele: ìgbẹ́jọ́ àkọ́kọ́, ìdájọ́, ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Kí ẹlẹ́wọ̀n fọwọ́ sí ìwé pé òun ló gbà á. Lọ́yà tí ẹni tó rán an bá san owó fún, ẹ sá fún un. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un ni kí oníbàárà rẹ̀ má dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ẹnìkan ní òun mọ ẹni tó lè gbà á sílẹ̀. Owó ló kù.

Irọ́ ni. Ìbáà jẹ́ ọ̀gá ní Àbújá, ìbáà jẹ́ wòlíì, ìbáà jẹ́ àlùfáà, ìbáà jẹ́ «adájọ́ lọ́hùn-ún ti gbà». Àdúrà ò gbowó tíkẹ́ẹ̀tì. Ilẹ̀ tí wọ́n tà nítorí irú ọ̀rọ̀ yìí kì í padà, èèyàn náà kì í sì í dé.

Ṣé wọ́n lè fún un ní béèlì?

Ó ṣòro. Àjèjì tí kò ní ilé níbẹ̀ ni, adájọ́ á sì rò pé yóò sá. Abala 37 nínú òfin oògùn olóró Íńdíà ti ọdún 1985 tún fún un pa: bí oògùn bá pọ̀ tó iye tí òfin pè ní ti òwò, adájọ́ kò gbọdọ̀ fún un ní béèlì àfi bó bá rí ìdí láti gbà pé kò jẹ̀bi. Ẹ múra sílẹ̀ fún ìdúró pípẹ́.

Ọdún mélòó ni wọ́n lè fún un?

Ìlú sí ìlú ni, gíráàmù sí gíráàmù sì ni. Ní Brazil, òfin 11.343 ti ọdún 2006 fi ọdún 5 sí 15 lélẹ̀. Bí oògùn bá ré ààlà orílẹ̀-èdè kọjá, ó ń lọ sókè láti ìdá kan nínú mẹ́fà dé ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ẹni tó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀, tí kò sì sí nínú ẹgbẹ́ kankan, lè rí àdínkù iye kan náà. Nítorí àdínkù yẹn ni agbẹjọ́rò ṣe máa béèrè ìwé láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá Nàìjíríà pé kò ní ẹ̀sùn tẹ́lẹ̀. Ẹ tètè wá a.

Íńdíà: ọdún 10 sí 20 àti owó ìtanràn, bí kokéènì bá tó gíráàmù 100 tàbí hẹroíìnì gíráàmù 250. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì: òfin lè dé ẹ̀wọ̀n gbére, ṣùgbọ́n fún ẹni tó kàn gbé nǹkan bíi kílò kan kokéènì wọlé, tó sì kéré nínú iṣẹ́ náà, ọdún 6 ni adájọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. China: gíráàmù 50 hẹroíìnì tàbí mẹ́ẹ̀tì sókè, láti ọdún 15 dé ẹ̀wọ̀n gbére tàbí ikú.

Malaysia mú dandan kúrò lára ìdájọ́ ikú ní oṣù keje ọdún 2023. Adájọ́ lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 30 sí 40 rọ́pò rẹ̀, ọkùnrin á sì jẹ ẹgba tí kò dín ní 12. Singapore kò tíì yí: hẹroíìnì tó ju gíráàmù 15 lọ, kokéènì tó ju 30 lọ, igbó tó ju 500 lọ, ikú ni. Ọ̀nà kan ṣí fún ẹni tó kàn gbé e, bí ìjọba bá kọ ìwé pé ó ràn wọ́n lọ́wọ́ láti tú àṣírí àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà náà adájọ́ lè fún un ní ẹ̀wọ̀n gbére pẹ̀lú ẹgba. Ìmọ̀ràn tí wọ́n bá fún un láti ilé pé «má sọ nǹkan kan» kò bá irú ìlú bẹ́ẹ̀ mu. Agbẹjọ́rò ibẹ̀ ni kó tẹ́tí sí.

Wọ́n ní ó gbé e mì ni. Kí ló kàn?

Ilé ìwòsàn ló kàn, kì í ṣe àgọ́ ọlọ́pàá. Horo kan sábà máa ń tó gíráàmù 10, ẹni tó gbé e mì sì lè ní ọ̀pọ̀ nínú ikùn. Bí ẹyọ kan bá là, ó lè pa á láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí àyè bá wà láti bá a sọ̀rọ̀, kó sọ òtítọ́ iye rẹ̀ fún dókítà. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹjọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Àwòrán inú ara nìkan kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀. Gbogbo wa la rántí Bàbá Suwe, Babátúndé Ọ̀mídínà, tí NDLEA dá dúró ní pápákọ̀ Èkó ní oṣù kẹwàá ọdún 2011 nígbà tó ń lọ sí Paris. Ẹ̀rọ ní nǹkan wà nínú rẹ̀. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ń ṣọ́ ìgbẹ́ rẹ̀, kò sì sí nǹkan kan.

Ṣé kó gbà pé òun jẹ̀bi kí wọ́n lè dín in kù?

Bó bá mọ̀ nípa rẹ̀ lóòótọ́, tí ẹ̀rí sì dúró, ó lè ṣe é láǹfààní. Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá tètè gbà lè rí ìdá kan nínú mẹ́ta ìjìyà rẹ̀ yọ kúrò. Ṣùgbọ́n ní ìlú tí ìdájọ́ ikú bá wà, kó má fẹnu ara rẹ̀ gba nǹkan kan láìsí agbẹjọ́rò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Níbi tó wù kó jẹ́, kó má fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n kọ ní èdè tí kò gbọ́. Kó ní kí wọ́n mú ògbufọ̀ wá. Bí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò bá já gaara, kó béèrè ògbufọ̀ Yorùbá, kó má tijú. «Yes, yes» tí èèyàn fi ń tẹ́ ọlọ́pàá lọ́rùn lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ ti ran ọ̀pọ̀ lẹ́wọ̀n.

Báwo la ṣe ń bá a sọ̀rọ̀, báwo la ṣe ń fi owó ránṣẹ́?

Ọgbà ẹ̀wọ̀n kọ̀ọ̀kan ní àkọsílẹ̀ nọ́ńbà tí ẹlẹ́wọ̀n lè pè. Òun ló máa fi nọ́ńbà yín sí i, kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ rántí aago: Brazil fi wákàtí 4 wà lẹ́yìn wa, Dubai fi 3 ṣáájú, Íńdíà fi 4 ààbọ̀, Malaysia fi 7. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìgbèríko Bunu tàbí Yagba kò ṣeé gbára lé. Kí ẹni tó ń ṣojú ẹbí jẹ́ ẹni tó ń gbé Lọ́kọ́jà, Ìlọrin tàbí Àbújá.

Owó gba ọ̀nà tí ọgbà ẹ̀wọ̀n fọwọ́ sí nìkan. Ẹ má fi sínú àkáǹtì ẹlẹ́wọ̀n mìíràn tàbí ti «wọ́dà tó mọ̀ wá». Lẹ́tà ṣì ń ṣiṣẹ́ níbi tí fóònù kò dé. Ẹ kọ nọ́ńbà ẹlẹ́wọ̀n sí orí rẹ̀, kẹ́ ẹ má sì kọ ohunkóhun nípa ẹjọ́ sínú rẹ̀, torí wọ́n ń kà á.

Ṣé wọ́n lè gbé e wá ṣẹ̀wọ̀n nílé?

Bí àdéhùn bá wà láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì nìkan ni. Nàìjíríà àti ìlú Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí irú rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2014, tí wọ́n fi lè gbé ẹlẹ́wọ̀n wálé bí òun fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ gbà. Kí gbígbé náà tó ṣeé ṣe, ìdájọ́ gbọ́dọ̀ ti parí, kò gbọdọ̀ sí ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn nílẹ̀, ọdún gbọ́dọ̀ kù tó yẹ, ìjọba méjèèjì sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i.

Ẹ bi ẹlẹ́wọ̀n náà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ń ṣiṣẹ́ lẹ́wọ̀n, wọ́n ń kàwé, ọjọ́ wọn sì ń dín kù nítorí rẹ̀. Ilé sún mọ́ ọn o, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ilé dára jù.

Wọ́n ti dá ẹjọ́ ikú fún un. Ǹjẹ́ ohun kan kù?

Ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kù, ẹ̀bẹ̀ sí olórí orílẹ̀-èdè yẹn kù. Ọjọ́ tí òfin fi sílẹ̀ fún un kò pọ̀, agbẹjọ́rò ni kó sọ ọjọ́ náà, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sára ògiri. Ìjọba Nàìjíríà lè kọ̀wé ẹ̀bẹ̀, àmọ́ ẹ máa lé wọn lẹ́yìn. Àwọn ọmọ Nàìjíríà wà lára èèyàn 8 tí Indonesia yìnbọn pa lóru ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 2015. Níbẹ̀, wákàtí 72 péré ni wọ́n fi ń sọ fún èèyàn ṣáájú.

Bí ó bá kú, bóyá àìsàn ni tàbí ìdájọ́, ẹ́ḿbásì ló ń ṣe ìwé òkú. Owó gbígbé òkú wálé sábà máa ń bọ́ sọ́rùn ẹbí. Bí ẹ ò bá fẹ́ kí wọ́n sin ín sọ́hùn-ún, ẹ tètè kọ ọ́ ránṣẹ́, kẹ́ ẹ má dúró de ìpàdé ẹbí.

Ó ti ṣẹ̀wọ̀n tán, ó ń bọ̀ wálé. Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n tún lè mú un ní Nàìjíríà?

Òfin yẹn wà. Wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n sí Decree 33 ti ọdún 1990, ó wà nínú abala 22 òfin NDLEA báyìí. Ó ní ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bá dá lẹ́bi oògùn olóró lókè òkun, tó sì tipa bẹ́ẹ̀ ba orúkọ orílẹ̀-èdè jẹ́, ti ṣẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún 5 láìsí owó ìtanràn ni, ìjọba sì lè gba dúkìá rẹ̀. Agbẹjọ́rò á fi abala 36(9) nínú ìwé òfin ọdún 1999 dáhùn, èyí tó ní wọn kò gbọdọ̀ dá ẹjọ́ ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́jọ́ rí lórí ẹ̀ṣẹ̀ kan náà. Àwọn tó ń ṣojú NDLEA á ní ẹ̀ṣẹ̀ méjì ni: kíkó o wọ ìlú onílùú, àti kíkó o jáde nílé.

Bí ìwé ìrìnnà rẹ̀ kò bá sí mọ́, ẹ́ḿbásì á fún un ní ìwé pàjáwìrì tó ń wúlò fún ìrìn-àjò kan ṣoṣo. Ìbéèrè á wà ní pápákọ̀ Èkó. Kó mú ẹ̀dà ìdájọ́ àti ìwé ìtúsílẹ̀ dání ní méjì-méjì, kí ọ̀kan wà nínú báàgì, kí èkejì wà lára rẹ̀, kí ẹ̀dà kẹta sì ti wà lórí ímeèlì agbẹjọ́rò tí yóò dúró dè é níta. Kó dáhùn orúkọ, ọjọ́ ìbí àti ibi tó ti ń bọ̀. Ìbéèrè yòókù, kó ní agbẹjọ́rò òun wà lẹ́nu ọ̀nà.